“Ṣebí Ṣọ́ọ̀ṣì Ni Wọ́n Jó?”: Ìdáhùn Wa fún Ọmọ Kan Tó Wo Fíìmù

Bismillāhi Rahmāni Rahīm. Gbogbo ọpẹ́ ń jẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sahábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lóṣù yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Inú fóònù ọmọ kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọ náà, ọ̀kan nínú àwọn Àlàájà ẹgbẹ́ wa, ló gbé fóònù ọ̀hún wá bá wa lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun bá ọmọ òun níbi tó ti ń wo àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n fi ẹfun kun gbogbo ojú, tí wọ́n fi dúdú yí ẹyinjú ká bí ẹni tó ti kú, tí ilé ìjọsìn sì ń jó. Ó ní, “Ẹ̀yin àfáà, ẹ gbà mí o, ọmọ mi ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn.”

A fi í lọ́kàn balẹ̀, a ní kí ó jókòó, a sì ránṣẹ́ pe ọmọ náà. Ọmọ ọdún 17 ni. Ó ti parí Àlùkùráánì, ó sì máa ń bá wa tẹ́ ẹní mọ́ṣáláṣí ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Kò wọ ẹgbẹ́ kankan. Fíìmù ló ń wò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dọkumẹ́ńtárì, tí kì í ṣe eré tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òṣèré, bí kò ṣe pé àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ń fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. A ní kí ó fi hàn wá. Àwa mẹ́rin tí a jẹ́ ìgbìmọ̀ wáàsí jókòó tì í, a wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Nígbà tó parí, a bi í pé kí ló rí níbẹ̀ tó fi ń wò ó. Ó ní orin náà ni òun fẹ́ràn. A ní, “Iná tí wọ́n dá sílé ìjọsìn ńkọ́?” Ọmọ náà wo ojú wa láìsí àfojúdi kankan nínú ohùn rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n jó?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí a sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni a fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí fíìmù náà dá lé, kí ẹni tí kò wò ó lè bá wa lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Until the Light Takes Us. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Aaron Aites àti Audrey Ewell, ló ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 2008. Orílẹ̀-èdè Norway ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ní òkè Yúróòpù lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti ń mú. Ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ni, ilẹ̀ àlàáfíà ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ sọ irú orin kan di tiwọn, tí wọ́n ń pè ní black metal. Inú orin gìtá oníná tí àwọn òyìnbó ń pè ní heavy metal ló ti yọ jáde, ṣùgbọ́n tiwọn le ju ti àwọn tó ṣáájú wọn lọ. Gìtá wọn ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata tí kò lómi, ìlù wọn kò sinmi, akọrin wọn kì í sì í kọrin, ńṣe ló ń han. Ọmọ wa ní ẹ̀wà wà nínú rẹ̀ téèyàn bá fi sùúrù gbọ́ ọ. A fi sùúrù gbọ́ ọ. A kò rí ẹ̀wà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí etí wa ni a ṣe ń kọ èyí. Ní ti orin àti ìlù, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímímọ̀ ti ń jiyàn lé e lórí, a kò sì ní parí iyàn náà nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ orin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Mayhem, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984. Olórí rẹ̀ ni Øystein Aarseth, tó sọ ara rẹ̀ ní Euronymous. Ní 1991, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù sí ìlú Oslo. Ẹ gbọ́ orúkọ tó fún ṣọ́ọ̀bù náà: Helvete. Ní èdè wọn, Jàhánámà ni. Yàrá kan wà lábẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e ti máa ń péjọ. Wọ́n ń sọ pé ibi ni àwọn fẹ́, àwọn kórìíra ire, ti Ṣàítánì ni àwọn ń ṣe. Nígbà tí ọjọ́ pẹ́, àwọn kan nínú wọn sọ pé ẹnu lásán ni, pé àwọn kàn fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ni. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹnu lásán gbé wọn dé.

Akọrin Mayhem nígbà náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Sweden, Per Yngve Ohlin ni orúkọ rẹ̀. Òun náà yí orúkọ padà, ó ń pe ara rẹ̀ ní Dead, ìyẹn ni pé Òkú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, ọmọkùnrin yìí pa ara rẹ̀ nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé. Ọmọ ọdún 22 ni. Aarseth ló kọ́kọ́ wọlé bá a. Kí ó tó ké sí ọlọ́pàá, ó lọ wá kámẹ́rà, ó sì ya òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò. Ní 1995, fọ́tò náà di àwòrán ojú àwo orin kan tí àwọn kan tẹ̀ jáde láìgbàṣẹ.

A dá fíìmù náà dúró nígbà tí a dé ibi ọ̀rọ̀ yìí. Nínú hàdíìsì, wọ́n gbé jànáásà kan kọjá níwájú Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a), ó sì dìde dúró fún un. Wọ́n sọ fún un pé ti Yáhúdì ni. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìbéèrè, ó ń bi wọ́n bóyá ẹni tó kú náà kì í ṣe ẹ̀mí kan. Òkú ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa ni Ànábì dìde fún. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni ti Aarseth, fọ́tò ló sì yà.

Àwọn tó wà níjókòó lọ́jọ́ náà ti fẹ́ sọ pé, “Òyìnbó nìyẹn.” A ní kí wọ́n mú sùúrù. Ẹ̀yin ará, nígbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ìlú Òkè Ọya tí a ń gbé yìí, kí ni ó máa ń kọ́kọ́ wọ inú fóònù wa? Kì í ṣe fọ́tò òkú ènìyàn ni? Òkú tí wọ́n kò tíì fi aṣọ bò, òkú tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́. A ó wò ó, a ó sọ “Inná lillāhi,” lẹ́yìn náà a ó fi ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn. Ọmọ wa wà lára àwọn ogójì náà.

Iná wá tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1992, ṣọ́ọ̀ṣì Fantoft ní Bergen jóná di eérú. Igi ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1150. Ìmáámù Gàsálì, tí a máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú wáàsí wa, kú ní 1111. A jẹ́ pé nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n na òpó ilé náà ró. Kì í ṣe Bergen ló wà tẹ́lẹ̀, ìlú tó ń jẹ́ Fortun ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó o, wọ́n tú u ní pákó-pákó ní 1883, wọ́n gbé e wá sí ẹ̀bá Bergen, wọ́n sì tún un tò. Ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ṣe ìtọ́jú ilé kan tó fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Òru kan péré ni wọ́n fi jó o.

Kò dúró níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n jó ilé ìjọsìn Holmenkollen ní Oslo. Wọ́n jó ti Skjold, wọ́n jó ti Åsane. Láàárín ọdún 1992 sí 1996, ìkọlù sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ náà tó nǹkan bí 50. Ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà, ọmọ ọdún 18 kan nínú wọn, Bård Eithun, onílù ẹgbẹ́ orin Emperor, fi ọ̀bẹ pa ọkùnrin kan ní Lillehammer, ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó wà lára àwọn tó jó Holmenkollen. Nǹkan bí ọdún kan ló fi ń rìn káàkiri kí ọwọ́ ìjọba tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni wọ́n dá fún un.

Ẹni tí fíìmù náà fi ara balẹ̀ sí jù ni Varg Vikernes, ọmọ Bergen, tí òun nìkan jẹ́ ẹgbẹ́ orin tó ń pè ní Burzum. Ní oṣù kìíní ọdún 1993, ó ṣe fọ́nńté fún ìwé ìròyìn kan ní Bergen lórí ọ̀rọ̀ àwọn iná yìí. Wọ́n mú un, ẹ̀rí kò tó, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó gbé àwo orin kan jáde ní ọdún náà, tó pè ní Aske, ìyẹn Eérú. Fọ́tò ahoro Fantoft ló fi ṣe ojú rẹ̀, ó sì fi láítà ìdáná kún àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ilé ẹjọ́ kò rí i pé òun ló jó Fantoft. Ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, Holmenkollen, Skjold àti Åsane, ni wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí. A ní láti sọ èyí bó ṣe rí, nítorí Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa nínú Súrátù Mọ́ídà, áàyà 8, pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn kan má ṣe sún wa kúrò níbi ṣíṣe ẹ̀tọ́.

Ní òru ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1993, Vikernes wa mọ́tò láti Bergen lọ sí Oslo, ó sì fi ọ̀bẹ pa Aarseth ní ilé rẹ̀. Èyí tó pa á jẹ́ ọmọ ogún ọdún, èyí tó kú jẹ́ ọmọ ọdún 25. Ní oṣù karùn-ún 1994, ilé ẹjọ́ rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 21, èyí tó pọ̀ jù tí òfin wọn lè fúnni nígbà náà. Ẹ wá wò ó. Ọlọ́hun ni wọ́n láwọn ń bá jagun. Kí ni wọ́n fi ṣe Ọlọ́hun? Ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n pa.

Ó yá, ìwọ ọmọ wa, gbọ́ ìdáhùn.

Ṣí Súrátù Hajj, áàyà 39 àti 40. O ti há wọn sórí, a mọ̀. Ka ìtumọ̀ wọn wàyí. Ní áàyà 39, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń ṣe àbòsí sí láti jà. Ní áàyà 40, Ó sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé wọn láìṣẹ̀, nítorí pé wọ́n gba Ọlọ́hun ní Olúwa. Ó wá sọ ìdí rẹ̀: bí kì í bá ṣe pé Òun ń fi àwọn ènìyàn kan dènà àwọn mìíràn ni, wọn ì bá ti wó ilé àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ìjọsìn, àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti sínágọ́gù àwọn Yáhúdì, àti mọ́ṣáláṣí, níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ Ọlọ́hun lọ́pọ̀lọpọ̀. Ka bí wọ́n ṣe tò wọ́n, ọmọ wa. Mọ́ṣáláṣí ló kẹ́yìn. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gba Mùsùlùmí láyè láti gbé idà, àti ilé ìjọsìn ẹlòmíràn ló wà nínú ohun tí idà náà wà fún láti dáàbò bò. Báwo ni ẹni tó ń kí ìrun pẹ̀lú áàyà yìí ṣe máa wá sọ pé ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Àwọn tó gbọ́ áàyà náà lẹ́nu Ànábì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn onítàn sọ pé nígbà tí àwọn Nọ̀sárá Najran wá bá Ànábì ní Mẹ̀dínà, tí àkókò ìjọsìn wọn tó, inú mọ́ṣáláṣí Ànábì ni wọ́n ti ṣe é, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Àbúbákàrì ń rán ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù, ó kìlọ̀ fún Yazid ọmọ Abu Sufyan pé wọn yóò bá àwọn tó ti ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ìjọsìn, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ogun ni wọ́n ń lọ o. Ní ti Úmárù, wọ́n sọ ọ́ nínú ìtàn pé nígbà tó dé Baitul Muqaddas, tí àkókò ìrun bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀, olórí àwọn Nọ̀sárá ní kí ó kí i níbẹ̀. Úmárù jáde síta kí ìrun rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn Mùsùlùmí tó ń bọ̀ lẹ́yìn gba ilé náà mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́, kí wọ́n máa sọ pé Úmárù ti kírun níbẹ̀. Ẹ wo bí ọkùnrin yìí ṣe ro ó jìnnà tó. Kì í ṣe iná ló ń sá fún, àwáwí tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí lò ló ń sá fún.

Ohun mìíràn wà nínú fíìmù náà tí a fẹ́ kí àwọn òbí fi ọkàn sí. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti bá Vikernes sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń retí ẹranko yóò jìnnìjìnnì, torí pé ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, tí ohùn rẹ̀ tutù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn, ni yóò rí. Ó ní ọ̀rọ̀ Ṣàítánì kọ́, pé àwọn oníwèé ìròyìn ló gbé e gba ibẹ̀. Ó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni ẹ̀sìn àwọn Nọ̀sárá wá láti òkèèrè, ó pa ẹ̀sìn àwọn baba ńlá àwọn rẹ́, ó kọ́ ilé rẹ̀ sórí ojúbọ wọn. Àwọn tó ṣe fíìmù kò dá a lẹ́kun. Wọn kò mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń jọ́sìn ní Fantoft tàbí Åsane wá kí ó sọ bó ṣe rí fún un láàárọ̀ ọjọ́ tó bá eérú. Èyí ni àléébù tó tóbi jù tí a rí nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó jó ilé ń sọ tirẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, ẹni tí wọ́n jó ilé rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ wa sì gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó ní, “Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, wọ́n wá láti ìta ni.” Ẹ̀yin ará, àwa tí à ń jẹ́ àtìpó, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwa tí bàbá àgbà wa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin, tó sọ̀ sí ìlú onílùú, tó ń ta obì, tó ń ta aṣọ, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, tó kọ́ mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú owó ìkórajọ. Ṣé àwa ni ọmọ wa yóò máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ohun tó bá ti wá láti ìta, ó tọ́ kí wọ́n sun ún níná? Wọ́n ti sọ ọ́ sí wa rí. Nígbà tí nǹkan bá gbóná, àwọn kan máa ń wo ìrun tí à ń kí, wọ́n á ní ti ọ̀tún ni wá. Àwọn kan máa ń wo ilà ojú wa, wọ́n á ní ti òsì ni wá. Àwọn tó wà ní Kaduna ní oṣù kejì ọdún 2000, àti àwọn tó wà ní Jos ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń jó tí mọ́ṣáláṣí ń jó, kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ wọn nípa rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin Norway náà sì já sí nìyí, tí kò sí nínú fíìmù nítorí pé fíìmù ti jáde kí ó tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní 2009, ó kó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù keje ọdún 2014, ilé ẹjọ́ kan ní Paris dá a lẹ́bi pé ó ń kọ ohun tó ń ru ìkórìíra sókè. Sí àwọn wo? Sí àwọn Yáhúdì àti sí àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tí wọ́n so rọ̀ láìlọ, àti owó ìtanràn. Ọmọ wa, ìwọ tí o ní ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìwọ ló kù tó ń bọ̀ wá bá.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tó kọ orin yẹn ló dáná. Fíìmù náà tẹ̀lé ẹnìkejì, Gylve Nagell ti ẹgbẹ́ orin Darkthrone, tí wọ́n ń pè ní Fenriz. Kò jó ilé ẹnikẹ́ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó ń fa sìgá, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń sọ̀rọ̀ orin bí onímọ̀ kan ṣe ń sọ̀rọ̀ ìwé, ìbànújẹ́ sì wà lójú rẹ̀ fún ohun tí wọ́n sọ orin náà dà. Kò sí ẹ̀mí kan tó máa ru ẹrù ẹ̀mí mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni Àlùkùráánì wí. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ fọ́ fóònù ọmọ yín nítorí orin. Ìyá ọmọ yìí ṣe dáadáa. Kò nà án, kò pariwo rẹ̀ ládùúgbò. Ó gbé e wá síbi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Oslo, bí àgbàlagbà kan bá sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó láàárín wọn, tó bi wọ́n pé kí lẹ̀ ń sọ yìí, a kò mọ ohun tí ì bá yọrí sí. Ohun tí a mọ̀ ni pé nígbà tí ìlú máa fi kíyè sí wọn, akọ̀ròyìn àti ọlọ́pàá ni wọ́n rán.

Ó ku ohun kan tó nira fún wa láti kọ. Àwa mẹ́rin tí a wà níbẹ̀ mọ ibi tí ọmọ náà ti kọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ. Kò kọ́ ọ láti Norway. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ìròyìn dé pé wọ́n ti sun ṣọ́ọ̀ṣì kan ní apá ibì kan ní ìlú. Ọ̀kan nínú wa, àgbàlagbà tí a bọ̀wọ̀ fún, sọ pé, “Àlùhámúdù lílàhì.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a wí. A yí ojú ìwé, a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù. Àwọn ọmọ tó ń pín omi lọ́jọ́ náà dúró létí ilẹ̀kùn. Ọmọ wa wà nínú wọn, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

A ti lọ bá bàbá náà nílé. A sọ ohun tí ọmọ sọ fún un, a sì rán an létí ọjọ́ yẹn. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo rántí.” Ó béèrè bóyá ọmọ náà ṣì ń bínú sí wa pé a gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. A ní a ti dá a padà fún un.

Wọ́n ti tún Fantoft kọ́ o. Wọ́n gé igi tuntun, wọ́n gbẹ́ ẹ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbẹ́ ẹ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1997. Ó wà níbẹ̀ lónìí.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn àsàlátù, a ó pé jọ sí gbọ̀ngàn ilé-kéwú wa láti sọ ọ̀rọ̀ yìí síwájú sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn àgbà yóò gbọ́. Kí oníkálukú mú Àlùkùráánì tirẹ̀ dání, Súrátù Hajj ni a ó ṣí. Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òun ń bọ̀, ó sì ti bẹ̀ wá pé kí a fún òun láyè díẹ̀, òun ní ohun tí òun fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ tó pín omi lọ́jọ́ yẹn.

Wa sàlámù aléékùm wa ráhmátúlàhi wa bárákátùhú.